Ìka Mi Ló Fọ́ Agogo, Kì í Ṣe Ọ̀fun Rẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi tí ẹ ti ń wá wo eré ópẹ́rà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nínú gbọ̀ngàn yìí láti ìgbà tí òrùlé rẹ̀ ti ń jò, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Èmi tí ẹ ń pè ní Màmá Dùùrù ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Ẹ ti yìn mí jù. Wọ́n ní bí irọ́ bá sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi kò tilẹ̀ sáré, ìdí dùùrù ló jókòó sí, ẹ sì ń pàtẹ́wọ́ fún un. N kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni, ẹ mọ̀ mí. Mo ti sọ fún ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ lójúkojú pé etí rẹ̀ kò sàn ju ti àga lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí mo gbé mì, ó sì há mi lọ́fun títí di ìsinsìnyí.

Ṣé ẹ rántí Agogo? Ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ní orúkọ yẹn nítorí pé bó bá ti lanu, àwo á máa dáhùn nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Òun ni wọ́n ní kó ṣe ìyàwó apẹja nínú eré ọdún náà, ìyàwó tó dúró létí òkun tó ń pe ọkọ rẹ̀ pé, "Padà wá!" Orí ìpè yẹn ni gbogbo eré dúró lé. Ọmọbìnrin tèmi ni wọ́n yàn pé kó bọ́ sípò rẹ̀ bí nǹkan bá ṣe Agogo. Ọmọ mi kò ráhùn. "Mọ́mì, ó mọ̀ ọ́n kọ jù mí lọ. Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre." Èmi ni inú ń bí. Mo ní, kí ni wọ́n rí lára ọmọ ọlọ́mọ tí kò sí lára ọmọ mi? Ẹ wo òmùgọ̀ àgbà! Ohùn ni wọ́n rí. Etí mi méjèèjì gbọ́ ọ, ìdí nìyẹn tí mo ṣe kórìíra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò mọ iṣẹ́ wa. Ibi tí onídùùrù bá ti bẹ̀rẹ̀ ni olórin ti ń gbà á. Bí mo bá gbé orin sókè díẹ̀, òun náà á bá mi gòkè, títí yóò fi dé ibi tí ọ̀fun rẹ̀ parí sí. Ẹni tó fi ìwé kọ́ dùùrù, tipátipá ni yóò fi ṣe irú ìkà yìí. Èmi tí n kò ní olùkọ́, tí mo fi etí jí i kọ́ lẹ́yìn ògiri, kò síbi tí n kò ti lè lu orin. Ẹ̀bùn Ọlọ́run ni mo fi ṣe é. Bí ìdánrawò bá ti parí, mo máa ń dá Agogo dúró: "Wá, jẹ́ ká tún un kọ." Ó rò pé mo fẹ́ràn òun ni. Mò ń gbé orin sókè díẹ̀díẹ̀, mò ń wọn ọ̀fun rẹ̀ bí télọ̀ ṣe ń wọn àyà, títí mo fi mọ ibi tí yóò ti ya. "Màmá, ẹ ṣé gan-an ni," ó ń nu òógùn bó ti ń sọ ọ́. "Kò sẹ́lòmíì tó ń dúró tì mí báyìí." Ọmọ yẹn tún ra ọsàn wá fún mi! Mo bó o, mo jẹ ẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ eré, gbọ̀ngàn kún dé ẹnu ọ̀nà. Bàbá rẹ̀ jókòó síwájú, bàtà tuntun tó wọ̀ ń dún kẹ́kẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ orin ìyàwó apẹja níbi gíga tí mo ti wọ̀n sílẹ̀. Mo rí i tó wò mí fìrí, bí ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn ilé ara rẹ̀ tó bá ẹyọ kan tó lé. Síbẹ̀ ó gbọ́kàn lé mi, ó ń gùn ún bọ̀. Nígbà tó dé "Padà wá!", ohùn náà ya fàà bí aṣọ ògbólógbòó. Ọkùnrin kan kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Kò ní padà o! Ohùn yẹn á tún lé e lọ sí i ni!" Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Bàtà bàbá rẹ̀ ni mo gbọ́ tó ń dún lọ síta.

Ẹ rò pé ó parí síbẹ̀? Èyí tó burú jù kò tíì dé. Lẹ́yìn ìtàgé, Agogo rọ̀ mọ́ mi lọ́rùn, ó ń sunkún. "Màmá, ẹ má bínú. Mo ba iṣẹ́ yín jẹ́." Òun ló ń bẹ̀ mí! Mo lè sọ òótọ́ nígbà náà. Ẹnu mi tí kì í dákẹ́ yìí lanu, ó ní: "Kò burú, ọmọ mi. Kì í ṣe gbogbo ọ̀fun ni Ọlọ́run dá fún orin." Mò ń gbá a lẹ́yìn pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ bí mo ti ń sọ ọ́. Dùùrù ló ṣe é léṣe. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fi sin ín. Ọmọ mi ló gba ipa náà lọ́jọ́ kejì, mo sì lu orin síbi tó rọrùn bí ibùsùn. Bí a ti ń lọ sílé, ó ní, "Mọ́mì, orin àná ga o, àbí?" Mo ní, "Pa ẹnu rẹ mọ́." Ó sì pa á mọ́. Lónìí, ọmọ tí mo torí rẹ̀ ṣìkà ń ta awò ojú. Balùwẹ̀ nìkan ló ti ń kọrin. Agogo kúrò nílé ẹ̀kọ́ wa, àwọn kan sì sọ ọ́ di Agogo-fífọ́.

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, àrùn rọpárọsẹ̀ gbé mi ṣánlẹ̀, ọwọ́ òsì mi kú. Wọ́n gbé mi lọ síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú iṣan. Ta ni mo rí nínú aṣọ iṣẹ́? Agogo ni. Ó fi òróró pa ọwọ́ mi, ó ń na ìka mi lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, ó sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Ẹ nà án, Màmá, àbí ẹnu nìkan ló kù tó ń ṣiṣẹ́ lára yín?" Lọ́jọ́ tí ìka kan mì, mo sunkún bí ọmọ ọwọ́. Mo bi í, "Ṣé o ṣì ń kọrin?" Ó ní, "Ẹ̀yin náà lẹ sọ pé kì í ṣe gbogbo ọ̀fun. Mo gbọ́ràn." Ibẹ̀ ni mo ti tú àṣírí náà fún un, gbogbo rẹ̀ pátá. Ó ju ọwọ́ mi sílẹ̀. Ó lọ sójú fèrèsé, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mò ń wò. Nígbà tó padà, ó tún gbá ọwọ́ náà mú. "Ó ku ìka méjì. Ẹ nà án." Lẹ́yìn náà ló ní, "Níwájú èrò lẹ ti bà mí jẹ́. Níwájú èrò ni kí ẹ ti tún un ṣe."

Ìdí nìyí tí mo fi ní kí wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé eré tó wà lọ́wọ́ yín. Ohùn Agogo kò ya; èmi ni mo fà á ya. Ẹ̀yin tí ẹ rẹ́rìn-ín, mo tàn yín jẹ ni, ẹ jọ̀ọ́. Bàbá Agogo, mo bẹ̀ yín. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń lu dùùrù fún ẹlòmíràn, bí olórin bá wò yín lójú kó tó lanu, ara rẹ̀ ló gbé lé yín lọ́wọ́ yẹn. Ẹ má jẹ́ kí owú bá yín jókòó lórí àga. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí n gbé àṣírí yìí kú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ tó mọ ohun tí àwọn ìka yìí ṣe, tí kò sì yéé jí wọn dìde. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bó ti ń na àtàǹpàkò mi, mo gbọ́ tó ń rọra fi imú kọrin. N kò mira. Mo bi í bóyá ó ti dárí jì mí. Ó ní, "N kò tíì mọ̀ o, Màmá. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun la ó tún pàdé. Ẹ má pẹ́ dé."

N kò ní pẹ́ dé.