Ọjọ́ tí Màmá Wa Sá Pamọ́ Sábẹ́ Tábìlì

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí Bódìjà n'Ìbàdàn ṣì jẹ́ àdúgbò tuntun, tí igbó wà lẹ́yìnkùlé, òfin kan wà nílé wa. Ọmọdé kì í ṣeré ní pálọ̀. Kò gbọdọ̀! Àlejò ló ni pálọ̀. Ta ló ṣòfin náà? Màmá wa ni. Tíṣà ni wọ́n, ẹ gbọ́… tí wọ́n bá wò ẹ́ lẹ́ẹ̀kan báyìí, ẹ̀rín á gbẹ lẹ́nu ẹ.

Ẹ̀yin ọmọ-ọmọ mi, tẹlifíṣọ̀n ò tíì sí nílé wa nígbà náà o. Òjò bá dé, ojú ara yín lẹ máa wò. Lọ́jọ́ Sátidé kan, òjò bẹ̀rẹ̀ láti àárọ̀, kò dá. Bàbá wa ti lọ sí Dùgbẹ̀. Àwa ọmọ mẹ́rin há sínú yàrá, à ń jà bí ológbò. Màmá ní, "Ẹ ẹ̀ ní fọ́ mi lórí lónìí! Ẹ bọ́ sí pálọ̀, ká ṣe bojúbojú." Pálọ̀ kẹ̀! A rò pé ara wọn ò yá ni.

Ó wá kan Bísí, àbíkẹ́yìn wa, ọmọ ọdún mẹ́rin, láti bojú. Ó kọjú sí ògiri ní kọ́rídọ̀. Àwọn méjì sá wọ yàrá. Èmi ṣì ń wá ibi tí màá wọ̀ ní pálọ̀, mo bá rí Màmá… wọ́n ká ìró sókè, wọ́n rápálá wọ abẹ́ tábìlì! Aṣọ tábìlì bò wọ́n. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí… ni ilẹ̀kùn bá ṣí.

Bàbá ni. Omi ń kán tótó lára wọn. Àlùfáà ìjọ wa sì wà lẹ́yìn wọn! Ẹ̀rín kú mọ́ mi lẹ́nu.

Wọ́n jókòó. Àlùfáà ní, "Ọ̀rọ̀ ìyàwó yín ló gbé mi wá nínú òjò yìí. A fẹ́ fi wọ́n ṣe olórí àwọn obìnrin ìjọ. Obìnrin tí ara ẹ̀ balẹ̀ là ń wá."

Obìnrin tí ara ẹ̀ balẹ̀… tó wà lábẹ́ tábìlì!

Bàbá yíjú sí mi. "Màmá yín dà?"

Yéè! Tí mo bá sọ òtítọ́, mo ti ba Màmá lórúkọ jẹ́. Tí mo bá purọ́, ta ni yóò nà mí? Màmá kan náà! Mo ní, "Wọ́n wà nílé, sà."

"Níbo?"

Mo gbójú sókè, mo ń wo àjà, bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n wà.

Ìgbà náà ni Bísí jáde láti kọ́rídọ̀. Kò rí àlùfáà kankan, eré ló rí. Ó wo ẹ̀yìn àga Bàbá. Ó gbé etí aṣọ àlùfáà sókè, ó yọjú wo abẹ́ ẹ̀! Ó wá lọ síbi tábìlì, ó fa aṣọ… "Mo ti rí yín, Màmá!"

Màmá rá jáde. Gèlè ti yẹ̀, eruku wà nímú. Wọn ò dìde o. Ṣebí orí ìkúnlẹ̀ ni wọ́n kúkú wà? Wọ́n bá fi kí àlùfáà: "Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ kú òjò." Ojú tì wọ́n débi pé omi lé sí wọn lójú. Àánú wọn ṣe mí.

Àlùfáà wo Màmá, wọ́n wo Bàbá, wọ́n rọra bọ́ bàtà. Wọ́n ní, "Ta ló kàn láti bojú?"

Háà! Ariwo tó sọ nílé yẹn! Èmi ló kàn. Nígbà tí mo ṣíjú, Bàbá wa, akọ̀wé àgbà tí kì í rẹ́rìn-ín rárá, ti dúró sẹ́yìn aṣọ fèrèsé. Ẹsẹ̀ wọn méjèèjì yọ síta gbangba! Mo rí wọn. Mo ṣe bí ẹni tí ò rí wọn. Mò ń gbọ́ tí wọ́n ń fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín bí ọmọdé, mo sì fẹ́ kí wọ́n borí.

Wọ́n kúkú fi Màmá ṣe olórí náà, wọ́n sì ṣe é pẹ́.

Lóde òní ńkọ́? Òjò á rọ̀, kálukú á dojú kọ fóònù tiẹ̀, bàbá lọ́tọ̀, ọmọ lọ́tọ̀. Hmm… Tí ẹ bá bímọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n bá yín ṣeré. Bàbá mi rán mi nílé ìwé, wọ́n bá mi wí, mo dúpẹ́. Àmọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti lọ, tí mo bá ti ní kí n rántí wọn, ẹsẹ̀ méjì yẹn ni mò ń rí lábẹ́ aṣọ fèrèsé, tí ẹ̀rín ń mì wọ́n.