Orúkọ tí Màmá Leah Kò Gbàgbé

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí wọ́n tó gbé mi wọ yàrá iṣẹ́ abẹ lọ́la. Ẹ̀rù ń bà mí, kì í sì í ṣe ẹ̀rù ọ̀bẹ dókítà nìkan. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Tèmi ò tiẹ̀ pé ọdún méjì. Èmi Mujeeb, tí mo ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní Lasunwon, Ìkòròdú, mo purọ́ fún opó kan, Màmá Leah.

Nígbà tí omi ọ̀sà ya wọ ilé wọn ní Ibeshe, Màmá Leah gbé ìwé ilẹ̀ ọkọ rẹ̀ wá bá mi, ìwé náà ti rin gbingbin. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo ní kó sọ ìwé náà nù, pé kíláòdù, ibi ìpamọ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ni màá tọ́jú fọ́tò náà sí, níbi tí omi àti olè ò lè dé. Ó ní, "Mujeeb, ta ló ń ṣọ́ ọ níbẹ̀?" Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ ọ̀rọ̀ àṣírí, páswọ́ọ̀dù, tí kò ní gbàgbé láé. Ó wẹ̀yìn wò, ó tẹ Akínlolú. Orúkọ ọmọ rẹ̀ tí omi gbé lọ ni. Wọn kì í pè é nínú ilé wọn mọ́. Ṣùgbọ́n inú kọ̀ǹpútà mi nìkan ni fọ́tò náà wà, mi ò gbé e lọ sí kíláòdù. Dátà wọ́n, ọ̀lẹ sì ni mí; ojoojúmọ́ ni mò ń sọ pé ó dọ̀la, títí kọ̀ǹpútà náà fi kú.

Ni àwọn ọmọ onílẹ̀ bá dé, wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan sára ògiri ilé Màmá, wọ́n ní kó mú ìwé wá. Oríyọmí ọ̀rẹ́ mi ní, "Ṣebí àgbà ni. Sọ pé páswọ́ọ̀dù ẹ̀ ò wọlé. Á gbà pé òun ló gbàgbé." Nígbà tí Màmá dé, mo ṣí ojú ìwé òfìfo kan fún un lórí kọ̀ǹpútà mìíràn. Ó tẹ orúkọ ọmọ rẹ̀. Mo ní, "Kò wọlé, Màmá." Ó tún un tẹ̀, ó ní, "Àbí mo ti gbàgbé orúkọ ọmọ tí mo bí?" Ọlọ́run, mo ní, "Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, Màmá."

Láàárọ̀ yìí, ó gbé ẹja yíyan láti Ọjà Olúwo wá bá mi ní ọsibítù yìí ní Ẹ̀pẹ́. Ó gbàdúrà fún mi. Ó ní, "Tára rẹ bá yá, a ó tún gbìyànjú. Sátidé ni àwọn ọmọ onílẹ̀ dá fún mi." Mo gbé ẹja náà sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo ní kí nọ́ọ̀sì fún mi ní bébà.

Màmá, ẹ dákun, ẹ má gbìyànjú mọ́. Ẹ ò gbàgbé ọmọ yín. Kò sí fọ́tò kankan ní kíláòdù náà. Mo ti bẹ nọ́ọ̀sì kó ka ìwé yìí fún yín, bí mo jí, bí mi ò jí. Ẹ forí jì mí. Ẹ mú ìwé tí mo kọ yìí tọ àwọn ọmọ onílẹ̀ lọ: mo fi ojú mi rí ìwé ilẹ̀ yẹn, orúkọ Abraham ọkọ yín ló wà lórí rẹ̀. Ẹ̀rù tó ń bà mí jù ni pé wọ́n á bi yín pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀, òpùrọ́ sì ni mí.