Èènì Kárọ́ọ̀tì Méjì

Mi ò fẹ́ gbọ́ o, àmọ́ ìlà ò sún ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ Áfíríkà kan ní Vickery Meadow, ìyá àgbà kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti England dé sì wà níwájú mi pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin.

"Mọ́mì, kí lẹ tún fẹ́ padà lọ ṣe nílùú kékeré yẹn? Àgùntàn ibẹ̀ pọ̀ ju èèyàn lọ."

"Mo mọ̀. Àárín wọn ni mo máa ń gbà kọjá lọ sọ́jà ní gbogbo Túsìdeé."

"Nínú òtútù yẹn?"

"Nínú òtútù yẹn náà ni. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo ra kárọ́ọ̀tì lọ́wọ́ bàbá òyìnbó kan, mo ní kó fún mi ní èènì. Ojú ti àbúrò tìẹ tí mo lọ kí níbẹ̀ débi pé ó sá lọ. Bàbá yẹn rẹ́rìn-ín, ó fi méjì lé e. Láti ọjọ́ náà, kí n tó lanu ló ti máa ń fi èènì sí i."

"Torí kárọ́ọ̀tì, Mọ́mì? Ẹ ní yàrá tiyín lọ́dọ̀ wa níbí ní Mansfield, ẹ ní balùwẹ̀ tiyín."

"Ikọ́ dá mi dúró sílé lọ́sẹ̀ kan. Bàbá yẹn béèrè mi lọ́wọ́ àbúrò ẹ. Ó béèrè mi! Ọdún mẹ́ta rèé tí mo ti wà ládùúgbò tiyín. Gáréèjì á ṣí, mọ́tò á wọlé, gáréèjì á tì. Ta ló béèrè mi rí?"

"Kí lorúkọ bàbá ọ̀hún?"

Ìyá gbé àpò ẹ̀wà rẹ̀ sórí káńtà.

"Mi ò mọ orúkọ ẹ̀. Òun náà ò mọ tèmi. Àmọ́ lọ́jọ́ tí mi ò wá, ó mọ̀ pé mi ò wá."