Agbára Méjì, Sùúrù Ogún

Orí bẹ́ǹṣì níta ọ́fíìsì pásítọ̀, ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ilo-Awela, ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu ọ̀dọ́mọkùnrin kan àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ tí wọ́n wá fún kíláàsì ìgbéyàwó.

Fóònù ọkùnrin náà wà lọ́wọ́ obìnrin náà. "Orúkọ mi lo fún obìnrin inú géèmù yìí?"

"Ìfẹ́ ló fà á."

"Agbára méjì, sùúrù ogún! Ṣé ìwọ lo pín máàkì rẹ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó dúró lẹ́yìn mi, kó máa wo ọgbẹ́ mi sàn tí àǹjọ̀nú bá ṣá mi."

"Idà tiẹ̀ ńkọ́?"

"Kí ló fẹ́ fi idà ṣe? Èmi ni mò ń jà."

"Ta ló sọ fún ẹ pé mo ní sùúrù?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "O ò bínú sí mi rí."

"Mò ń bínú. Mo kàn ń gbé e mì ni. Ìyá ẹ ní kí n fiṣẹ́ sílẹ̀, o dákẹ́. Mo gbé e mì."



Pásítọ̀ pè wọ́n. Ọkùnrin dìde, obìnrin ò mira. Ó na fóònù náà sí i.

"Gbà, mú un wọlé. Òun lo fẹ́ fẹ́."