Fóònù Mi Kì Í Ṣe Aago Àdúrà

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi hó yèè sí Olúwa! Háà, ṣé ẹ kò tíì jẹun lárọ̀ yìí ni? Ẹ tún un hó! Halelúyà! Bí ẹ bá mọ ibi tí Ọlọ́run ti fà mí yọ, ẹ kò ní jókòó pẹ̀sẹ̀ báyẹn. Ó ṣeun! Ó ṣeun! Ọba mi, O ṣeun gan-an ni!

Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni Yèyé Akọrin, èmi tí mo máa ń jágbe mọ́ ẹni tó bá pẹ́ dé ìdánrawò. Lónìí, èmi ni mo fẹ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín, nítorí ẹ̀rí tí mo wá jẹ́ yìí, irọ́ mi wà nínú rẹ̀. Ẹ fi sùúrù gbọ́ mi.

Ibi tí mo dúró sí yìí náà ni mo dúró sí ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Mo sọ fún yín pé dókítà kan ní Ìkàrẹ́ ní mo ní àtọ̀gbẹ, pé ṣúgà pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ mi. Mo ní mo gbààwẹ̀, mo padà lọ yẹ ara mi wò, ó sì ti wálẹ̀. Mo ní, "Olúwa ti wò mí sàn pátápátá!" Ẹ jó. Ẹ gbé mi yí ṣọ́ọ̀ṣì ká. Ohun tí n kò sọ fún yín ni pé dókítà náà ní, "Màmá, oògùn ló mú un wálẹ̀ o. Ẹ má fi oògùn yín sílẹ̀." Mo gbọ́ apá kan, mo di etí sí apá kejì. Ọjọ́ tí mo jẹ́ ẹ̀rí yẹn gan-an ni mo kó gbogbo oògùn mi dà sínú ṣáláńgá.

Kò pẹ́ tí nǹkan fi yíwọ́. Egbò kékeré kan yọ sí mi ní àtẹ́lẹsẹ̀, ó kọ̀, kò jinná. Òùngbẹ ń gbẹ mí tọ̀sán-tòru. Níkẹyìn, mo ṣubú lulẹ̀ ní ọjà Ìkàrẹ́ níbi tí mo ti ń ná iṣu. Dókítà wò mí títí, ó ní, "Màmá, ta ló ní kẹ́ ẹ dá oògùn dúró?" Láti ọjọ́ náà ló ti fi mí sórí abẹ́rẹ́ ínsúlìn tó ń mú ṣúgà wálẹ̀, tí èmi fúnra mi ń gún sí ikùn kí n tó jẹun.

Ará mi, ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n ìtìjú ju ẹ̀rù lọ. Báwo ni n óò ṣe padà wá síwájú yín kí n sọ pé àìsàn tí mo sọ pé ó ti lọ kò lọ? Mo di ẹni tó ń sápamọ́. Inú ilé ìyàgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti ń gún abẹ́rẹ́ tí a bá ní àpéjọ. Ẹ ó tún máa mú àwọn aláìsàn wá bá mi pé, "Yèyé, Ọlọ́run tó wo tiyín sàn ni kẹ́ ẹ bá wa pè." Obìnrin kan mú ọkọ rẹ̀ wá láti Ògbàgì, àìsàn kan náà ló ń ṣe é. Mo gbé ọwọ́ lé ọkùnrin náà lórí, ínsúlìn wà nínú báàgì mi! Ṣé ẹ rí ayé mi? Kò sí ọ̀nà iwájú, kò sí ọ̀nà ẹ̀yìn.

Bùnmi, àkọ́bí mi, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtajà oògùn ní Ìbàdàn, ló wá pẹ̀lú ẹ̀rọ kan tó pẹlẹbẹ bí ìdérí ìgò mínírà. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn apá mi, ó ní, "Màámi, sẹ́ńsọ̀ nìyí. Tọ̀sán-tòru ni yóò máa wo ṣúgà yín, yóò sì máa fi iye rẹ̀ ránṣẹ́ sí áàpù tí mo fi sórí fóònù yín. Ẹ wo ọfà kékeré yìí, òun ló ń sọ bóyá ó ń gòkè tàbí ó ń sọ̀ kalẹ̀. Èmi náà á máa rí i lórí fóònù mi."

Áà, mo tún wọ gàù! Bí mo bá jẹ iyán tán báyìí, kò ní pẹ́ tí Bùnmi á fi pè: "Màámi, òkèlè mélòó ni?" Ọmọ tí mo bí! Ṣùgbọ́n èyí tó dùn mí jù kọ́ nìyẹn. Mo sọ fún un lọ́jọ́ náà pé, "Bùnmi, bí o bá sọ fún ẹnikẹ́ni ní ìlú Ọ̀kà wa yìí pé àìsàn yìí ṣì ń bẹ lára mi, má pe mí ní ìyá rẹ mọ́." Ó ní, "Mo ti gbọ́, Màámi."

Ẹ̀rọ yìí wá ní àléébù kan lójú èmi tí mo ń sápamọ́. Bí ṣúgà bá ti já wálẹ̀ jù, fóònù á máa han fín-ín, fín-ín, fín-ín, bí mo tilẹ̀ pa ohùn rẹ̀. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ han níbi ìdánrawò, Ìyá Tóyìn, tó ń bójú tó ìmọ́tótó ṣọ́ọ̀ṣì wa, bi mí pé, "Yèyé, kí ló ń dún báyẹn?" Ẹnu mi ṣáájú ọpọlọ mi. Mo ní, "Aago àdúrà mi ni. Bó bá ti dún, mo gbọ́dọ̀ lọ dá nìkan bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀." Mo jáde, mo lọ sẹ́yìn ilé, mo ń lá súìtì kí ṣúgà lè gòkè padà. Láti ìgbà náà, bó bá ti dún, ẹ ó yà fún mi lọ́nà. Àwọn kan nínú yín tilẹ̀ ń ṣe àmín sí i. Ọlọ́run, foríjì mí!

Ó wá di ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan. Mo ti gún abẹ́rẹ́ mi, oúnjẹ wà lórí tábìlì. Mo wá rántí pé n kò tíì yẹ aṣọ tí àwọn akọrin máa wọ̀ lọ sí Ìkàrẹ́ lọ́jọ́ kejì wò. Mo ní kí n sáré lọ kí n sáré bọ̀ kí n tó jẹun. Fóònù nìkan ni mo mú dání. Mo bá yàrá aṣọ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì ní ṣíṣí, mo wọlé, mo bọ́ sẹ́yìn àwọn kọ́bọ́ọ̀dù. Òjò ti ṣú. Bàbá tó ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì rí ilẹ̀kùn, ó rò pé wọ́n gbàgbé rẹ̀ ní ṣíṣí ni, ó fi àgádágodo tì í láti ìta, ó sì sáré lọ sí oko rẹ̀ ní Ìkùn kí òjò má ba àgbàdo tó sá jẹ́. Bàbá, n kò dá yín lẹ́bi o.

Mo gbọ́ tí àgádágodo wọlé. Mo kígbe, "Mo wà níbí o!" Òjò sì ya dà sórí páànù. Ta ló máa gbọ́? Mo gbá ilẹ̀kùn títí ọwọ́ fi ń ta mí. Mo ní kí n pe ènìyàn, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti bá òjò lọ. Mo wo áàpù: ṣúgà ti wálẹ̀ dé àádọ́rin, ọfà dorí kodò. Ínsúlìn ti wà nínú ara mi, oúnjẹ kò sí. Mo mọ ohun tó ń bọ̀. Mo tú gbogbo àpò aṣọ akọrin, bóyá ẹnì kan gbàgbé súìtì síbẹ̀. Ìwé orin ni mo rí. Òógùn bò mí, mo sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ìgbà tí òjò dá, ahọ́n mi ti wúwo, n kò lè pe orúkọ ara mi. Mo wá gbọ́ ohùn Ìyá Tóyìn àti obìnrin kan lẹ́yìn fèrèsé kan tó ga sókè lára ògiri, wọ́n ń gbá omi òjò. Lẹ́sẹ̀ kan náà ni fóònù han: fín-ín, fín-ín, fín-ín! Mo ní nínú ọkàn mi, Ọlọ́run ṣeun, wọ́n á gbọ́.

Wọ́n gbọ́ o. Ìyá Tóyìn ní, "Ẹ rọra. Aago àdúrà Yèyé nìyẹn."

Mo sa gbogbo agbára mi kí n lè pè é. Ìkérora ló jáde.

Obìnrin kejì ní, "Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kérora. Ẹ̀mí ti bà lé wọn."

"Ẹ jẹ́ ká kúrò níbí, ká má dí wọn lọ́wọ́."

Wọ́n lọ! Mo gbọ́ bí sílípáàsì wọn ṣe ń dún lọ. Ará, mo sunkún bí ọmọdé. Irọ́ tí mo fi ẹnu ara mi pa ló lé àwọn tí ì bá gbà mí lọ. Fóònù ń han, kò sì sí ẹni tó máa wá, nítorí èmi ni mo kọ́ wọn pé kí wọ́n má wá. Mo ní, Olúwa, n kò ní ẹ̀rí kankan tí mo lè fi bẹ̀ Ọ́, irọ́ ni èyí tí mo jẹ́. Ṣàánú mi bẹ́ẹ̀ náà.

Ẹ wá gbọ́ iṣẹ́ Ọlọ́run! Kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó lọ, Bùnmi ti rí i ní Ìbàdàn pé ṣúgà mi ń já bọ̀. Ó pè, pè, pè, kò wọlé. Ó wá pe Bàbá Alùfáà wa, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tirẹ̀ yàtọ̀ sí tèmi, ìyẹn sì wọlé. Bàbá ló sọ fún mi pé ẹkún ni Bùnmi fi bẹ̀rẹ̀: "Bàbá, Màámi kò sàn. Wọn kò sàn rí. Ṣúgà wọn ti já wálẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá wọn!"

Bàbá sáré jáde tòun ti síńgílẹ́ẹ̀tì, ó pàdé Ìyá Tóyìn. "Ṣé ẹ rí Yèyé?"

"Wọ́n ń gbàdúrà ní yàrá aṣọ, Bàbá. Aago wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ dún ni."

"Kì í ṣe aago àdúrà! Àìsàn ni!"

Ìyá Tóyìn ju ìgbálẹ̀ nù. Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n bá àgádágodo. Kọ́kọ́rọ́ ti bá bàbá tó ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì lọ sí Ìkùn. Obìnrin yìí gbé òkúta, ó lù ú, ó lù ú, títí irin ilẹ̀kùn fi ṣí kúrò lára igi. Ẹ bá mi kí i! Ó gbé mi lé itan, ó ń fi ṣíbí fún mi ní mínírà tí Bàbá sáré gbé wá díẹ̀díẹ̀, ó ń sọ pé, "Yèyé, ẹ gbé e mì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e mì." Mo gbé e mì. Nígbà tí wọ́n gbé mi dé Ìkàrẹ́, dókítà bèèrè ẹni tó tètè fún mi ní nǹkan dídùn. Ó mi orí, ó ní, "Díẹ̀ ló kù."

Lórí bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀ ni mo ti jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún Bàbá Alùfáà. Bàbá ní, "Yèyé, ẹ wá jẹ́ ẹ̀rí tó jẹ́ òtítọ́. Ọlọ́run kò nílò kí a bá Òun purọ́."

Òun ni mo wá ṣe yìí. Ẹ wo ẹ̀rọ náà lápá mi. Àtọ̀gbẹ ṣì ń bẹ lára mi, mo ń gún ínsúlìn, mo sì wà láàyè. Ògo ni fún Ọlọ́run! Mo ti lọ sí Ògbàgì, mo ti bẹ ọkùnrin tí mo gbàdúrà fún pé kó padà sídìí oògùn rẹ̀. Ìwọ tí o ń gbọ́ mi, tí o ń gbé oògùn pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tí o ń rẹ́rìn-ín fún wa, wá ẹnì kan sọ fún lónìí. Má dúró dìgbà tí ahọ́n rẹ á wúwo. Ọlọ́run tó yọ mí kò tíì rẹ̀ Ẹ́.

Bùnmi, dìde kí wọ́n rí ọ. Ọmọ mi nìyẹn. Nígbà tó dé ilé ìwòsàn láti Ìbàdàn, kò wọlé. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, ojú rẹ̀ ti wú. Ó ní, "Mo ti sọ fún wọn o. Ṣé mo ṣì lè pè yín ní Màámi?"

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa tó fún mi ní ọmọ tí kò gbọ́ràn sí mi lẹ́nu!