Afẹ́fẹ́ Tí Mo Fún Táyà Àbúrò Mi

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ewé yìí, ẹ kú ìjókòó. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́fun mi bí egungun ẹja. N ò lè gbé e mì, n ò sì lè pọ̀ ọ́ jáde. Bí ààwẹ̀ yìí bá ti parí, àbúrò mi obìnrin àti ọkọ rẹ̀ máa wá sí ilé mi ní Greenspoint, ní Houston níbí, kí n bá wọn parí ìjà. Èmi ni àgbà wọn níbí, ọ̀rọ̀ tí mo bá sì sọ ni abẹ gé. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé yìí, nítorí èmi gan-an ni mo dá ìjà náà sílẹ̀, wọn ò sì mọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dópin kí ẹ tó ṣépè fún mi.

Mo ti yí orúkọ wọn padà. Ẹ jẹ́ kí n pe àbúrò mi ní Nìmọ́tà, kí n pe ọkọ rẹ̀ ní Sùràjù. Mọ́ṣáláṣí la ti mọ Sùràjù, èmi ni mo sì mú un wálé wá fún Nìmọ́tà. Ó ń tún ọkọ̀ òfúrufú ṣe ní pápákọ̀ tó wà lápá Humble. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ọwọ́ rẹ̀ dájú. Bí Sùràjù bá ní òun ti di bóòtù kan, kò sẹ́ni tó tún ń lọ wò ó.

Kẹ̀kẹ́ ló wá so èmi àti ẹ̀ pọ̀. Mo kọ́ṣẹ́ títún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Òṣogbo nígbà tí mo wà lọ́mọdé, n kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Ọ̀gá mi máa ń fi àtàǹpàkò tẹ gbogbo táyà tá a bá fún ní afẹ́fẹ́. Bí àtàǹpàkò rẹ̀ bá wọlé pẹ́nrẹ́n, ìfọ́tí ló kàn. Lójú tèmi, táyà tí kò bá le bí òkúta kì í ṣe táyà. Láàárọ̀ Sátidé, a máa ń gun kẹ̀kẹ́ lápá ìlú Spring, èmi níwájú, Sùràjù lẹ́yìn. Á máa pariwo pé, "Ẹ̀gbọ́n, take it easy o, àwa ọmọ kékeré ò lè bá yín!" Orí mi á sì wú.

Lọ́dún kan, òyìnbó kan tó ń bá Sùràjù ṣiṣẹ́ kó lọ sí Colorado. Ó ní ká wá nígbà òtútù, ká wá wo bí wọ́n ṣe ń gun kẹ̀kẹ́ lójú ọ̀nà orí òkè nínú yìnyín. Ilẹ̀ Houston tẹ́ pẹrẹsẹ, afárá freeway nìkan ni òkè tá a ní. A ò tíì fẹsẹ̀ tẹ yìnyín rí. A gba ìsinmi, a lọ.

Obìnrin kan ló yá wa ní kẹ̀kẹ́. Ó kìlọ̀ fún wa pé tó bá ti di àárọ̀ ọjọ́ kejì, omi á ti dì lójú ọ̀nà. Ó ní ká dín afẹ́fẹ́ táyà kù kó lè fẹ̀ mọ́lẹ̀, kó má baà máa yọ̀. Bá a ṣe dé ibi tá a dé sí, Sùràjù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó dín tirẹ̀ kù lójú mi. Mo rẹ́rìn-ín ẹ̀.

"Sùràjù, kí lèyí tó rọ̀ bí ẹ̀kọ?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká ṣe é bí wọ́n ṣe sọ. These people live here now. Àwọn ni wọ́n mọ ilẹ̀ wọn."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Kí ni wọ́n fẹ́ kọ́ mi nípa táyà?

Nígbà tílẹ̀ mọ́, Sùràjù wọlé lọ pe Nìmọ́tà lórí fóònù. Kẹ̀kẹ́ méjèèjì wà lára ògiri níta. Mo mú fáǹfù, mo fún tèmi lafẹ́fẹ́. Mo wo tirẹ̀. Mo fún un náà, mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó le dáadáa. N ò sọ fún un. Ẹ gbà mí gbọ́, n ò gbèrò ibi sí i. Mo rò pé mo ń bá a tún ohun tó bàjẹ́ ṣe ni. Níbi tí wọ́n ti tọ́ mi, ẹ̀gbọ́n kì í tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ àbúrò.

Ó jáde, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní Nìmọ́tà ní ká rántí bu yìnyín sínú kúlà fáwọn ọmọ.

A gun òkè náà títí. Èémí mi ń já, nítorí náà Sùràjù ló ṣáájú nígbà tá a fẹ́ máa sọ̀ kalẹ̀. Ó ní, "Bísímílà," ó sì lọ. Kọ́nà kejì ló ṣubú sí. Kẹ̀kẹ́ yọ̀ lábẹ́ ẹ̀, ó sì fi ìbàdí gbá irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. N kò mọ̀ pé ọkùnrin lè ké báyẹn.

Nígbà tí obìnrin tó yá wa ní kẹ̀kẹ́ wá kí wa nílé ìwòsàn, inú ń bí i. Ó ti tẹ táyà náà wò. Ó ní, "Ṣebí mo kìlọ̀ fún yín?" Sùràjù gbórí sókè lórí bẹ́ẹ̀dì.

"But mo dín in kù. Ẹ̀gbọ́n, ṣebí ìṣojú yín ni?"

Àwọn méjèèjì wò mí.

Mo ní, "N ò rántí o, Sùràjù. Bóyá o gbàgbé ni."

Ẹ jọ̀ọ́, gbólóhùn yẹn ni mo fẹ́ jẹ́wọ́. Egungun ìbàdí rẹ̀ san díẹ̀, ọ̀pá ló fi ń rìn báyìí, ṣùgbọ́n gbólóhùn yẹn ò san. Sùràjù rántí pé òun dín afẹ́fẹ́ náà kù. Táyà sì le. Kò rò ó láé pé èmi lè fọwọ́ kàn án. Ó wá gbà pé orí òun ni kò pé. Kò gbà gbọ́ mọ́ pé òun di bóòtù kankan, bó ṣe fi iṣẹ́ pápákọ̀ sílẹ̀ nìyẹn. Á ti dé freeway, á tún yí padà wálé wá wò ó bóyá òun pa sítóòfù. Kì í fi mọ́tò gbé àwọn ọmọ rẹ̀ mọ́. Nìmọ́tà ti sunkún títí. Ó ní ọkọ òun ya olórí kunkun níjọ́ yẹn, ó ti wá ń ya wèrè báyìí, òun fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ.

Ó ku ibì kan tí n kò tíì sọ. Ó ń tì mí lójú.

Kọ́nà àkọ́kọ́, táyà ẹ̀yìn mi yọ̀. Mo fẹsẹ̀ tilẹ̀, mo bọ́ sílẹ̀, mo dúró. Sùràjù ò tíì jìnnà. Bí mo bá pariwo, ì bá gbọ́. Mo la ẹnu. Mo wá rò ó pé á bi mí bí mo ṣe mọ̀ pé táyà tòun náà máa yọ̀. Mo pa ẹnu dé. Bẹ́ẹ̀ ló lọ.

Yàrá òtútù ilé ìtajà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Bí mo bá ti ṣílẹ̀kùn tí òtútù yẹn fẹ́ lù mí, orí kọ́nà yẹn ni mo tún wà, pẹ̀lú ẹnu mi ní pípadé. Ẹ̀rù iṣẹ́ ara mi ń bà mí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo lọ kí wọn. Sùràjù sìn mí jáde, ó ti ilẹ̀kùn, ó fà á wò, ó tún pa dà lọ fà á wò. Ó wá dúró tì mí, ó ń tijú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Ṣé mo tì í?"

Mo ní ó tì í.

Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ ṣé, sir. Tẹ́ ẹ bá ti ní mo ṣe nǹkan, mo mọ̀ pé mo ṣe é."

Ẹ̀yin èèyàn mi, Ààfáà mọ́ṣáláṣí wa ní tá a bá ṣẹ èèyàn, Ọlọ́run kì í bá onítọ̀hún dárí rẹ̀ jì wá. N ò mọ àdúrà tí mò ń gbà nínú ààwẹ̀ yìí mọ́. Tí mo bá sọ ọ́, mo lè pàdánù àwọn méjèèjì, wọn ò sì ní jẹ̀bi. Ṣé kí n pe Sùràjù nìkan sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́kọ́, àbí kí n sọ ọ́ lójú ìyàwó rẹ̀? Ẹ má ní kí n dákẹ́, mo ti dákẹ́ rí.

Wọ́n á dé, wọ́n á fi àga ńlá sílẹ̀ fún mi. Sùràjù á fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ìbàdí rẹ̀ ò ní gbà fún un, á di etí tábìlì mú, á máa bẹ̀ mí pé kí n bá òun bẹ ìyàwó òun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi, báwo ni ẹ̀gbọ́n ṣe ń dọ̀bálẹ̀ fún àbúrò? Wọn ò kọ́ mi nílé.