Bí Wọ́n Ṣe Lé Ṣadé Lẹ́nu Ìdánwò Iṣẹ́

Nígbà tí èmi náà ṣì lágbára lẹ́sẹ̀, ilé-iṣẹ́ ọṣẹ kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́, lọ́nà Okokomaiko níbẹ̀. Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ọmọ mi... tí wọ́n bá gbà ọ́ síṣẹ́, wọ́n á kọ́kọ́ fi ọ́ sẹ́nu ìdánwò ná fún oṣù mélòó kan, kí wọ́n fi wò ó bóyá o mọ iṣẹ́. Bíi ti Ẹniọlá yìí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Alaba.

Ẹnu ìdánwò yẹn ni Ṣadé, ọmọbìnrin kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́, wà. Ìlú Ìbà ló ń gbé, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀rọ tó ń gé ọṣẹ gé obìnrin kan níka. Wọ́n ti yọ irin tó yẹ kó bo ẹnu ẹ̀rọ náà, kí iṣẹ́ lè yá. Wọ́n wá ní kí Ṣadé bọ́ sídìí ẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n dá irin yẹn padà ná." Ọ̀gá wò ó. Ó ní, "Ìwọ tó o ṣì wà lẹ́nu ìdánwò? Máa lọ sílé ẹ."

Bí wọ́n ṣe lé e nìyẹn.

Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú àwọn onílàjà tí ìjọba yàn. Èmi náà jẹ́rìí. Kò rọrùn, torí ilé-iṣẹ́ yẹn náà ni èmi ti ń jẹun... Àwọn onílàjà ní kí wọ́n dá Ṣadé padà, kí wọ́n sì sọ ọ́ di òṣìṣẹ́ gidi lójú ẹsẹ̀. Inú wa dùn. Àfi bí ilé-iṣẹ́ ṣe gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí kóòtù.

Obìnrin ni adájọ́ náà. Ó ní, "Mi ò wá tún ẹjọ́ yìí gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bóyá àwọn onílàjà gbọ́ tọ̀tún tòsì, àti bóyá wọ́n kọjá agbára wọn."

Lọ́jọ́ ìdájọ́, ó ní wọ́n gbọ́ tọ̀tún tòsì. Ó ní ẹni tó wà lẹ́nu ìdánwò, tí kò bá mọ iṣẹ́, wọ́n lè ní kó máa lọ. Ṣùgbọ́n wọn ò lè lé e torí pé kò fẹ́ kí ẹ̀rọ gé òun. Kí Ṣadé padà. Àmọ́ sísọ ọ́ di òṣìṣẹ́ gidi, ìyẹn kọjá agbára onílàjà. Ó fagi lé apá yẹn.

Mo bi í, "Ṣadé, ṣé wàá padà sọ́dọ̀ ọ̀gá yẹn, sẹ́nu ìdánwò?"

Ó ní, "Màá padà, Àǹtí. Mo mọ iṣẹ́ náà."

Ó padà lóòótọ́. Ọ̀gá ò dáhùn kíkí ẹ̀. Ṣadé ṣe é títí ìdánwò fi parí, wọ́n sì gbà á. Ibẹ̀ ló ti fẹ̀yìn tì.

Lónìí ńkọ́? Wọ́n á fi fóònù lé èèyàn kó tó jí. Ta ló ń béèrè? Kálukú á kàn palẹ̀ ẹrù ẹ̀ mọ́... Ẹniọlá, tí wọ́n bá ní kó o máa lọ, rọra bi wọ́n pé kí lo ṣe. Kò sí àrífín níbẹ̀.